Iyẹ̀pẹ̀ Tí Mo Yan Kí N Tó Fún Fidencio

Fidencio, ọkọ àbúrò mi, jókòó. Crisanta, ìwọ náà jókòó ti ọkọ rẹ. Ọjọ́ mi kò pọ̀ mọ́, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ilẹ̀ tí mo purọ́ mọ́.

Ẹ mọ̀ pé lórí òkè wa níhìn-ín, ẹni tó bá dá oko tuntun a gba apẹ̀rẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, láti ìdí àgbàdo oko àtijọ́, kó fi pò mọ́ ilẹ̀ tuntun náà. Èmi tí mo fẹ́ràn àtitú nǹkan wò, mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe. Mo gbin àgbàdo sínú ìkòkò méjì: iyẹ̀pẹ̀ tútù nínú ọ̀kan, èyí tí mo yan lórí iná nínú èkejì. Méjèèjì hù. Nígbà tí mo dá omi dúró, ti iyẹ̀pẹ̀ yíyan rọ ní ọjọ́ kẹrin. Èkejì dúró digbí. Ìwé kan tí mo rà nílùú Oaxaca ló là mí lójú: gbòǹgbò máa ń da oje dídùn sílẹ̀, ó fi ń pe àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ojú kò rí, àwọn tó bá a lára mu. Wọ́n ń jẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn náà sì ń bá a wá oúnjẹ, wọ́n ń bá a di omi mú lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Iná ló ń pa wọ́n. Ìmọ̀ tó dára, àbí? Ẹ wo ohun tí mo fi ṣe.

Fidencio, ọdún tí o dá oko rẹ, o fi mí ṣẹ̀sín níbi iṣẹ́ àjọṣe abúlé. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, àgbàdo yín mà kúrú o! Àbí ara yín lẹ fi wọ̀n ọ́n?" Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kò gbàgbé. Kí o tó wá gba apẹ̀rẹ̀ rẹ, mo ti da iyẹ̀pẹ̀ náà sórí àwo amọ̀ tí a fi ń yan tọ̀tíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ wa, mo yan án gbẹ, mo tún wọ́n omi sí i kó lè jọ tútù. O ṣí fìlà, o dúpẹ́. Mo gba ọpẹ́ náà.

Ní oṣù kẹjọ, òjò dá. Tèmi dúró, tìrẹ jóná. O wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe fún ilẹ̀?" Èyí tó burú jù nìyí. Mo lè jẹ́wọ́ nígbà náà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ méjèèjì mú, mo ní, "Ọwọ́ rẹ ló gbóná. Ohun tó bá gbìn, ó ń pa á ni."

Crisanta pariwo mọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n Abundio, kí lẹ ń wí? Ọwọ́ tó ń bọ́ wa?" Ṣùgbọ́n o ti gbà mí gbọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé, o kò fọwọ́ kan irúgbìn mọ́. Àbúrò mi ló ń dá gbìn. Lánàá, wọ́n gbé ọmọ-ọmọ rẹ tuntun wá, mo sì rí i tí o fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn.

Ọwọ́ rẹ kò gbóná, Fidencio. Ààrò mi ló gbóná. Apẹ̀rẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ tútù wà lẹ́nu ọ̀nà. Crisanta ni mo ní kó wà á, kí o má baà fura sí mi. N kò ní ẹnu tí mo lè fi tọrọ ìdáríjì, síbẹ̀ mo ń tọrọ rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, má dárí jì mí. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ yẹn.