Ààwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta Tí A Gbà Nítorí Takeo

Rárá o, Ìyá Alábòójútó, ẹ má tíì bu omi fún mi, òùngbẹ kọ́ ló gbé mi gun ọ̀kadà láti Ore wá bá yín ní Araromi-Obu, tí ẹrẹ̀ ta sí mi láṣọ dé gèlè. Ẹjọ́ ni mo gbé wá! Wọ́n ní kí n bọ́ sílẹ̀! Èmi Ọlọ́runbùnmi, ìyá àgbà tó lọ́mọ-ọmọ méje, tí ẹ̀yin fúnra yín fi òróró yàn ní Ìyá Adúrà nígbà tí ilé àdúrà wa ṣì wà lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, Wòlíì Ọlọ́runtóbi dìde lọ́jọ́ Àìkú, ó ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn, n kò gbọdọ̀ darí àdúrà àwọn ìyá lọ́jọ́ Ọjọ́rú mọ́, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé ẹ̀bẹ̀. Kí ni mo ṣe? Ó ní mo kó odindi ìjọ gbààwẹ̀ fún àwòrán. Àwòrán, Ìyá! Ó ní mo sọ wọ́n di ẹni yẹ̀yẹ́ ní gbogbo Ore. Ṣé èmi nìkan ni mo febi panu?

Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe jẹ́, kí ẹ̀yin náà dá a.

Ẹ mọ Olúwaníyì, àbíkẹ́yìn mi, èyí tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó tẹ́lẹ̀ nílé ìtajà tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógójì ni o, ó nírùngbọ̀n. Nígbà tí ọ̀wọ́n gógó yìí fọ́ ilé ìtajà náà, ọ̀gá wọn ní kí kálukú gbé ohun tó bá rí lórí igbá lọ sílé. Àwọn tó gbọ́n gbé fìríìjì. Ẹni tí kò gbọ́n púpọ̀ gbé fáànù. Ọmọ tèmi ńkọ́? Ó gbé ẹ̀rọ dúdú kan báyìí wá bá mi ní Ore, kò ju bíbélì ńlá lọ, ó ní okùn méjì gbọọrọ, wọ́n ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo rò pé ohun tó ń jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n ríran kedere ni. Eré ni, Ìyá! Àwọn ará Japan ló ya ìtàn kan ní àwòrán tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nílùú wọn, ìgbà tí ìtàn náà gbayì tán ni wọ́n wá sọ ọ́ di eré, pé kí ìwọ tí o jókòó sórí àpótí ní Ore máa fi àtàǹpàkò darí ọ̀dọ́mọkùnrin inú rẹ̀. Ìwọ lo máa mú un rìn, ìwọ lo máa mú un ja ìjà idà, bó bá gbọgbẹ́ ìwọ lo máa wá oògùn fún un, bó bá sì ti ń pa ọ̀tá ni agbára rẹ̀ á máa lékún. Gbogbo èyí tí mò ń kà sílẹ̀ fún yín bí ẹni tó lọ sílé ìwé yìí, ìgbà tí ojú ti tì mí tán ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Òun àti Sùlè tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì ni wọ́n jọ ń ṣe é. Sùlè kò mọ̀wé, èdè Òyìnbó ló sì ń jáde lójú ẹ̀rọ, ni ọmọ mi bá ń kà á, tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Wọ́n a ti ilẹ̀kùn, wọ́n a fi aṣọ dí fèrèsé kí oòrùn má baà pa àwòrán. Èmi sì wà lẹ́yìn ilé, mò ń pa ẹkùrọ́. Etí kì í ṣe ilẹ̀kùn tí èèyàn ń tì. Kí ni mo gbọ́? "Sùlè, wọ́n ti mú Takeo o! Àwọn sójà ọba ti jù ú sí àhámọ́ abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ti gbé àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ. Oògùn ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá tún gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tán nìyẹn." Mo sì gbọ́ tí Sùlè ń bẹ̀bẹ̀, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú, a ti jìyà lórí ọkùnrin yìí jù!"

Ẹ gbà mí o! Inú ayé wo la wà? Ìbò tí a fi gbogbo ọjọ́ tò dì nínú oòrùn, ṣé wọn ò fagi lé e? Ẹni tó bá bèèrè pé kí ló dé, ṣé ó ń sùn sílé? Mo sọ lọ́kàn mi pé ọ̀rẹ́ ọmọ mi l'Ékòó ni Takeo. Orúkọ náà ò jọ ti ilé wa, mo ní bóyá ará ọ̀nà Kàlàbá ni, Èkó gba gbogbo ayé. N kò bi í. Ta ní ń bèèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìjọba sójà? Àdúrà ni mo mọ̀. Mo lọ bá Elizabeth akọ̀wé, mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀: Takeo, tó wà lọ́wọ́ àwọn sójà, kí Olúwa tú u sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà la kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Èèyàn tó lé lógójì wà lórí ìkúnlẹ̀, àbẹ́là lọ́tùn-ún, àbẹ́là lósì, a pe orúkọ Takeo lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bá délé nírọ̀lẹ́, mo sọ fún Olúwaníyì pé, "Fọkàn balẹ̀ nípa Takeo, a ò ní jẹ́ kí wọ́n pa á." Ẹ mọ ohun tó fi dá mi lóhùn? "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọyì ohun tí mò ń ṣe nínú yàrá yìí." Alákọrí! Ó rò pé eré rẹ̀ ló wù mí.

Ọjọ́ kejì, Wòlíì gan-an, ẹni tó ń lé mi sẹ́yìn yìí, ẹ̀mí gbé e, ó gbọ̀n rìrì, ó ní òun rí Takeo! Ó ní ó wọ ṣòkòtò jíǹsì. Ó ní ó ti gbẹ bí igi ẹ̀gẹ́, ó jókòó ti ilẹ̀kùn irin, ó ń bèèrè omi. Ó tún fi kún un pé ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́ràn àdúrà. Ìyá Takeo! Ọmọ àwòrán, níbo ló ti ríyàá?

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, Ìyá. Ẹ rín in, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rín in tán, ẹ bá mi bi í: èmi tí mo fetí gbọ́ àti òun tó fojú rí, ta ló yẹ kó lọ jókòó sẹ́yìn?

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọkùnrin méjì wọlé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Bàtà! Nílé Olúwa tí gbogbo wa ń fẹsẹ̀ lásán wọ̀! Kò sẹ́ni tó ní ká ṣàlàyé, a mọ̀ pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n. Orin wa dá dúró. Wọ́n ní ta ni Takeo, ta ló sọ fún wa pé ó wà lọ́wọ́ sójà? Ẹ wá wo ìjọ! Wòlíì alájíǹsì ní òun ò gbọ́ orúkọ náà rí láyé òun. Elizabeth ní bóyá Sátánì ló kọ ọ́ síwèé. Pius tó ń lu agogo gba ojú fèrèsé jáde tòun ti sùtánà. Ẹni kan ṣoṣo ló dìde, èmi náà ni. Mo ní èmi ni mo fi orúkọ náà sílẹ̀, èmi nìkan. Wọ́n ní kí n ṣíwájú, ká lọ sílé mi. Gbogbo ọ̀nà yẹn, ọmọ mi ni mò ń sunkún rẹ̀ nínú, mo ní wọ́n ti rí i gbé nìyẹn, ẹnu mi ló sì pa á.

Wọ́n já ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ wọlé gbàà! "Níbo ni Takeo wà?" Olúwaníyì, tí Sùlè jókòó tì, na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. "Òun nìyẹn, sà. Ó ń jà lọ́wọ́ ni."

Mo yọjú. Háà! Ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ín-rín kan, ojú rẹ̀ tóbi bí ọsàn méjì, irun rẹ̀ ta sókè bí ewé ọ̀pẹ̀-òyìnbó, ó gbé idà tó gùn jù ú lọ, ó ń ta pọ́ún-pọ́ún bíi tata. Ẹni tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta kúnlẹ̀ fún! Ilẹ̀ ni mo jókòó sí.

Èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn wo ojú ẹ̀rọ títí. Ó ní, "Àwọn wo ló yí i ká yẹn?" "Sójà ọba ni, sà." Ó nawọ́ sí ohun tí ọmọ mi fi ń darí eré náà. Ó ní, "Gbé e fún mi." Ó bọ́ bàtà tí kò bọ́ fún Olúwa, ó jókòó sórí ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn sójà náà lulẹ̀, ó ń làágùn, ó ń fi ìyá wọn bú wọn. Ẹni tí ìjọba rán wá mú èèyàn! Nígbà tí Takeo fọ́ ilẹ̀kùn àhámọ́ náà jáde, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hó gèè. Wọ́n jẹ púpurú tí mo fẹ́ fi ṣínu tán, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. N kò tíì fọ àwo tí gbogbo ibùdókọ̀ ti gbọ́. Ní báyìí, bí mo bá kọjá, àwọn awakọ̀ á ní, "Màmá, ẹ kú ààwẹ̀ Takeo o!"

Ẹ ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Wòlíì kí ọ̀rọ̀ lè tán? Kí n tọrọ kí ni? Pé ààwẹ̀ náà ṣòfò? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? A ní kí ó jáde, ṣé kò jáde ni? Ọjọ́ kẹta géérégé! Èwo nínú àdúrà Wòlíì ló tètè gbà tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ wò ó, ẹ̀fẹ̀ kọ́ ló gbé mi dé ibí. Ogójì èèyàn febi pa ara wọn láìbẹ̀rù fún Takeo, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ ò lè kó bá ẹnikẹ́ni. Adédoyin ńkọ́? Adédoyin olùkọ́ ní Ago Alaye, tí wọ́n gbé nínú kíláàsì lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, tí a ò gbúròó rẹ̀ mọ́? Ìyá rẹ̀ ń bá wa kúnlẹ̀ lórí ẹní kan náà. Mo ní kí Elizabeth kọ orúkọ rẹ̀, ó ní gègé òun ti gbẹ. Mo bá Wòlíì sọ ọ́, ó ní Ọlọ́run mọ orúkọ tirẹ̀, kò dìgbà tí a bá pè é.

Nítorí náà, lẹ́tà ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sí Wòlíì báyìí, ẹ lu òǹtẹ̀ yín sí i. Ẹ sọ fún un pé iwájú ni màá wà lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Orúkọ Adédoyin ni màá pè, lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì ní pè é wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni tó bá ní kí n padà sẹ́yìn, kó yára dìde kí n tó pè é tán, kó sì wá pa mí lẹ́nu mọ́ lójú ìyá tó bí Adédoyin.