Agogo Tí Mo Lù fún Ràímì ará Lagbé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dé ìdí ọ̀rọ̀ ná. Ohun kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti jẹ́ àpọ́n. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi. Mi ò bá sì má sọ ọ́ láéláé, bí kì í bá ṣe ọ̀gá mi tó lọ hú òkú eré kan jáde, tó ní kí gbogbo ìlú jókòó máa wò ó.

Ìfàngní ni mo ń gbé, nílẹ̀ tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba. Iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń fa wáyà tẹlifíṣọ̀n wọ ilé onílé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Pàtírọ̀ǹ là ń pe ẹni tó ni ín. Yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù àti fíìmù tí à ń gbà láti ibòmíràn, a ní ìkànnì kan tó jẹ́ tiwa. Ibẹ̀ la ti ṣe eré ìdíje kan nígbà kan rí, Má Fọ Faransé ni orúkọ rẹ̀.

Eré náà kò ní ọgbọ́n kankan nínú. Wọ́n á mú ẹni méjì wá, olóòtú á máa bi wọ́n nípa oko, nípa ọjà, nípa ìyàwó àti ọmọ. Yorùbá ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Ẹni tí Faransé bá yọ lẹ́nu rẹ̀, agogo á dún, ó ti jáde nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ sì mọ̀ wá. Ta ló lè sọ̀rọ̀ dé ìdajì nílùú wa yìí kí Faransé bíi "bọ́n" tàbí "dọ́ǹkì" má já bọ́ lẹ́nu rẹ̀? Bàbá ńlá á wọ agbádá wá, á ní òun gbọ́ Yorùbá ju ẹni tó bí òun lọ. Kó tó kí àwọn èèyàn tán, "bọ́n" ti jáde. Èmi ni mo ń lu agogo. Iṣẹ́ tí ewúrẹ́ tó bá létí lè ṣe ni, ṣùgbọ́n kóòtù ni mo máa ń wọ̀ ṣe é.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, Pàtírọ̀ǹ kó wa jọ. Ó ní òun fẹ́ máa gbé eré yẹn padà síta ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, pé àwọn èèyàn ń bèèrè rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Ahun ni ọkùnrin náà. Kò fẹ́ náwó sórí eré tuntun, ló fi ní ká lọ máa gbọn eruku kúrò lára ti àtijọ́, kó lè máa pè é ní ọgbọ́n.

Mo bá a jiyàn gan-an. Mo ní eré ìdíje kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wò lẹ́ẹ̀mejì, pé ẹni tó bá ti mọ ẹni tó yege, kí ló tún kù tó ń wò? Mo ní alùpùpù tí wọ́n fi ta ẹni tó yege lọ́rẹ nígbà yẹn ti di irin tí adìyẹ ń yé sí. Mo ní ìdajì àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ ti kú. Pàtírọ̀ǹ ní àwọn tó kú yẹn gan-an ni ọmọ wọn fẹ́ rí. Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo pòṣé. Àwọn wọ̀nyí á pàtẹ́wọ́ fún Pàtírọ̀ǹ bó bá sín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọgbọ́n ni mo ṣe ń jiyàn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Lọ́dún tí eré náà gbajúmọ̀ jù, àwọn méjì ló kù tó máa du alùpùpù. Ọ̀kan ni Ràímì ará Lagbé. Àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Ilé tó bá fẹ́ ṣe ìdána, tàbí tó fẹ́ bẹ àna tó ń bínú, Ràímì ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Ẹnì kejì ni Múníírà, ọmọ ìlú Banigbé. Múníírà yìí ni mo ń dọdẹ nígbà náà, kò sì wo ibi tí mo wà.

Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí, Faransé kankan kò yọ lẹ́nu wọn. Olóòtú, tó jẹ́ àgbàlagbà, wá kọjú sí Ràímì, ó ní, "Ràímì, ìbéèrè kan ló kù o. Ṣé o ti múra?"

Ràímì tẹrí ba díẹ̀. Ó ní, "Ẹ wí, bàbá. Mo ń gbọ́."

Bó ṣe ní "Ẹ wí" báyìí ni mo lu agogo, kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ẹ ti rí i. Bí Faransé bá fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, "wí" ló máa ń sọ, "ẹ wí" náà sì máa ń dún bẹ́ẹ̀ létí ẹni tí kò fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi fara balẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ń bẹ àgbà pé kó máa sọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ nílé ni mo fi mú un.

Olóòtú fúnra rẹ̀ ṣiyèméjì. Ó bojú wo ẹ̀yìn, ó bi mí pé, "Faransé ni?" Mo ní, "Faransé ni." Ràímì ní, "Rárá o, mo ní kí ẹ wí ni. Ẹ wí ni mo wí." Bó ṣe ń ṣàlàyé ni ẹ̀rín ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó jókòó.

Múníírà gba alùpùpù. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Kó tó di ọdún kejì, ó ti di ìyàwó mi. Òun ni ìyá Fàtáì tó wà nílé mi lónìí. Bí ọmọ bá sọ "dọ́ǹkì" nídìí oúnjẹ, á fi ṣíbí lu tábìlì, á ní òun lòun fẹnu gba alùpùpù nílùú yìí.

Ràímì gba orúkọ ní tirẹ̀. Mùsíé Wí, Ọ̀gbẹ́ni Bẹ́ẹ̀ni, ni wọ́n ń pè é. Ní ìdána tó kọ́kọ́ lọ lẹ́yìn náà, bó ṣe ya ẹnu láti kí àwọn àna, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó fi ṣíbí lu àwo. Gbogbo ilé wó fún ẹ̀rín. Kò rí ọ̀rọ̀ náà parí. Àwọn èèyàn kò pè é mọ́, nígbà tó yá, bí wọ́n bá tiẹ̀ pè é, kì í lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo sunkún nígbà yẹn o. Èmi náà pè é ní Mùsíé Wí.

Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n gbé eré ọjọ́ náà padà síta, Múníírà ti kó àwọn ará ilé wa jọ sí pálọ̀. Mo jókòó sẹ́yìn. Nígbà tó kan ibẹ̀, agogo dún, lẹ́yìn agogo la sì gbọ́ ohùn Ràímì ketekete: "bàbá, mo ń gbọ́." Mo retí kí ẹnì kan yíjú wò mí. Kò sẹ́ni tó yíjú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ọwọ́ sí Ràímì, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà yẹn náà ń pariwo Mùsíé Wí. Mo bẹ̀rù wọn tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gàn wọ́n. Etí wọn gbọ́ ọ, orí wọn kò bá a lọ. Èmi tí orí mi bá a lọ ni mo burú jù.

Àwọn tó wò ó ní ẹ̀rín náà dùn, wọ́n pe Pàtírọ̀ǹ lórí fóònù títí. Inú rẹ̀ wá dùn bíi ti ẹni tó rí wúrà. Ó ní kí n lọ sí Lagbé, kí n lọ mú Ràímì wá jókòó síwájú kámẹ́rà, kí àwọn èèyàn lè tún rí i. Ọ̀gá tí kò lójútì ni. Mo sì gun alùpùpù iléeṣẹ́ lọ, bí ẹrú.

Ràímì gbà mí dáadáa. Ó fún mi lómi, ìyàwó rẹ̀ ń bó ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní òun kò ní wá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ó ń yẹ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wò bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Wọ́n ń bọ̀ wá ṣe ìdána ọmọ mi obìnrin. Ẹlòmíràn ni mo bẹ̀ kó gbẹnu sọ fún mi níwájú àwọn àna. Àbúrò, ìwọ lo dúró tì mí lọ́jọ́ náà. Kí lo gbọ́? Ó ti ń ṣe mí bíi pé Faransé ni mo sọ lóòótọ́. Bó bá jẹ́ pé Yorùbá ni, màá sọ̀rọ̀ fún ọmọ mi fúnra mi."

Ó wò mí lójú. Kò bínú. Ìyàwó rẹ̀ dáwọ́ ẹ̀pà dúró. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo wá rántí Múníírà àti gbogbo àwọn tó kó wá sí pálọ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Faransé ni."

Ó mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí Ọlọ́run san mí lẹ́san rere, pé ẹni tó ń sọ òótọ́ fúnni kò pọ̀ mọ́. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ di ẹ̀pà fún mi, kí n gbé e lọ fún àwọn ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdána náà. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó mi ni, tàbí kí n gba Lagbé lọ tààrà? Ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí bí ẹ bá fi mí sílẹ̀ fún ara mi, mo mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Màá jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ fún ọmọ rẹ̀.