Ìwé Ìwáṣẹ́ Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, àti ẹ̀yin àlejò tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí tí ẹ bá wa jókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Àmánà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni, lọ̀rọ̀ wa lónìí. Ṣé owó nìkan ni wọ́n ń fi pamọ́ síni lọ́wọ́? Rárá o! Ẹ gbọ́.

Opó kan wà l'Óṣogbo, Mújìdátù lorúkọ rẹ̀. Ó kọ ìwé ìwáṣẹ́, ó ń gbé e kiri àwọn sọ́ọ̀bù ńlá. "Ẹ fi sílẹ̀, a ó pè yín." Ta ló wá pè é? Kò sẹ́nì kankan.

Lọ́jọ́ kan, ó dé sọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Ìkìrun, ó bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣàkírátù lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti ọmọ lẹ́yìn, tóun náà mú ìwé tirẹ̀ wá. Ibi tí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ ni ara ọmọ ti gbóná, tó ń gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún wọn ní tèmi. Ẹ jẹ́ n sáré gbé e dé ọsibítù."

"Máa lọ, àbúrò mi. Ọlọ́run á wò ó sàn."

Ẹnu rẹ̀ dùn, àbí? Ṣùgbọ́n bó ṣe wọlé, wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo làwọn fẹ́ gbà. Ó wo ìwé Ṣàkírátù: obìnrin yìí ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí! Ṣàítánì ní, "Ta ló máa mọ̀?" Ó fún ọ̀gá ní tirẹ̀. Ó ká tẹnì kejì sínú báàgì, ó sì fi dáná nígbà tó délé.

Wọ́n pè é síṣẹ́. Ó ní, "Alihamudulilahi!" Ẹ̀yin èèyàn mi, irú ọpẹ́ wo nìyẹn?

Nígbà tó yá, Ṣàkírátù wá ra ọṣẹ. Ó rí Mújìdátù níbi ìsanwó, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Wọ́n gbà yín! Ẹ ṣé tí ẹ bá mi fún wọn ní tèmi. Tèmi náà ń bọ̀, in ṣáà Allah."

Mújìdátù gba owó ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti forí kanlẹ̀ nínú ìrun, "ẹ ṣé" yẹn ló ń gbọ́. Nígbà tí kò rí i gbé mọ́, ó wádìí ilé obìnrin náà, ó sì kúnlẹ̀ fún àbúrò.

"Mi ò fún wọn. Mo sun ún."

Ṣàkírátù fà á dìde.

"Mo ti forí jì yín. Àmọ́ ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe. Nígbà tí mo retí ìpè títí tí kò dé, Ọlọ́run ni mo wá ń bá bínú. Mo ní Òun ló tilẹ̀kùn mọ́ mi. Mi ò kírun àsùbá mọ́. Àṣé ẹ̀yin ni!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Mújìdátù lára ju èébú lọ. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé, ó sì ránṣẹ́ pe Ṣàkírátù pé kó wá gba iṣẹ́ náà. Mújìdátù sunkún délé, ṣùgbọ́n nígbà tó kírun Alásárì, ó forí kanlẹ̀, kò gbọ́ "ẹ ṣé" yẹn mọ́, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ìwọ tí wọ́n ní kó o bá àwọn fi ìwé jíṣẹ́, ìwọ tó o jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ò ń gbà á, ẹrú Ọlọ́run wo ló ń bá Ọlọ́run jà nítorí tìẹ? Ọlọ́run Ọba, má fi wá ṣe ilẹ̀kùn tó tì mọ́ ẹrú Rẹ. Fọ̀nà tó tọ́ hàn wá, kí O sì fún wa lágbára láti tọ̀ ọ́. Ẹ bá mi ṣe àmín.