Síídì Tó Fẹ́ Lé Mi Kúrò Nílé Ọkọ

Ẹ bá mi ki Jésù dáadáa, ẹ̀yin ará! Rárá, ìyẹn kéré, ẹ ń ki í bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Ẹ ki í kó kan òrùlé! Halelúyà! Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí wọ́n da ẹrù mi síta, ìwọ ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀ yìí. Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì ṣẹ́wọ́ sí mi pé àsìkò ti tó. Ẹ̀rí yìí gùn díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, Ìyá Dáre ni mí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ilé ẹbí ọkọ mi ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú níbí, ni mò ń gbé. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n máa kọ níúsílẹ́tà, kí n sì máa ṣe pọ́díkáàsì. Pọ́díkáàsì yìí, bí ètò rédíò ló rí, àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ìgbà tó bá wu oníkálukú ló ń gbọ́ ọ. Mo ń kọ ìròyìn ilé sínú ímeèlì fún àwọn ọmọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tó wà lókè òkun, mo sì tún ń sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ: ẹja ti wọ́n, òjò ti gba títì, ta ló gbéyàwó, ta ló bímọ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ara ti ń fu mí. Ẹ má bínú, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, ìyá mi ní ojú ni mo kọ́kọ́ là kí n tó ké. Ọ̀gá tó ni kafé tí mo ti ń fi nǹkan ránṣẹ́ ní Ìtamágà, ẹ̀yìn mi ló máa ń dúró sí tí mo bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Kí ló ń wò? Ẹnì kan kọ̀wé láti Kánádà pé ohùn mi dùn, ilé wo gan-an ni mò ń gbé? Ilé wo kẹ̀! Kó fẹ́ wá ṣe kí ni níbẹ̀? Mi ò dá a lóhùn. Oṣù àkọ́kọ́, àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ mi. Nígbà tí àwọn mìíràn wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, ẹ̀rù tún bà mí, ta ni wọ́n? Obìnrin kan kọ̀wé pé òun sunkún nígbà tí òun gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi. Ewúrẹ́ o! Ewúrẹ́ tí mo ti ń lé kiri kó má ba iṣẹ́ mi jẹ́.

Ariwo ni ìṣòro mi. Ẹ mọ àdúgbò wa. Ẹ̀rọ ìlọta ń han, jẹnẹrétọ̀ ń dún, mọ́sálásí ń pe ìrun, àwa náà níbí, spíkà wa kò kéré. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kéde ọjọ́ Orò, inú mi dùn. Kò ní sí obìnrin níta, ọjà á tì, gbogbo àdúgbò á dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ní ọjọ́ iṣẹ́ mi rèé. Mo ti fèrèsé, mo fi aṣọ bò ó, mo tẹ ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àárín ọ̀rọ̀ ni nǹkan kọjá lójúde. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onígbàgbọ́ ni mí, àmọ́ ilé ọkọ ni mo wà, mo mọ̀wọ̀n ara mi. Mo dákẹ́, mo dorí kodò, bí ìyá ọkọ mi ṣe kọ́ mi. Èmi dákẹ́ o, ẹ̀rọ kò dákẹ́! Mi ò rántí pa á. Nígbà tó kọjá tán, mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ sí kafé, mo fi ránṣẹ́. Iná ti lọ nílé, mi ò tún un gbọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sórí síídì fún àwọn ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, torí wọn kò mọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn nìkan ni mo fún. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, mo ṣe amín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí àwọn àgbà fi wá bá ọkọ mi. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ gba ohùn Orò sílẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sílùú òyìnbó, síídì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn. Yéè! Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi tó jẹ́ olórí ẹbí, ní kí n lọ dúró lọ́dọ̀ ìyá mi títí ẹbí yóò fi jókòó. Bó bá jẹ́ òótọ́, kí n má padà sílé náà mọ́. Ọkọ mi ń wolẹ̀. Ẹ̀yin ará, ilé tí mo ti bí gbogbo ọmọ mi! Mo yà ní kafé, mo ní kí wọ́n bá mi yọ ohùn náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, mo sì forí lé Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú omijé.

Pásítọ̀ pè mí lórí fóònù, wọ́n bá mi gbàdúrà, wọ́n ní kí n dárí ji ẹni tó gbé síídì náà lọ. Mo ní mo ti dárí jì í, sà, ṣùgbọ́n ta ni? Wọ́n ní, "Ìyá Dáre, ẹ dárí jì í." Mo ní ó dáa, sà. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Mo ní Olúwa, o mọ̀ pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀, bá mi gbèjà níbi tí obìnrin kò lè jókòó sí. Ìyá mi gbé oúnjẹ wá, mo bi wọ́n pé ta ló sè é. Àwọn náà ló sè é o! Ẹ ò rí ibi tí ìfura bá mi dé?

Ẹ wá wo iṣẹ́ Olúwa. Ọjọ́ pé, àwọn ọkùnrin jókòó. Ìwọ̀nba tí ọkọ mi lè sọ fún mi ni mò ń sọ fún yín. Ọ̀kan nínú wọn mú síídì jáde, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá kí gbogbo ẹbí gbọ́ ọ. Bàbá Àgbà ní kó dúró ná. Ẹ gbọ́ bí Ẹ̀mí Mímọ́ ṣe lo ẹnu bàbá tí kì í wá ṣọ́ọ̀ṣì! Wọ́n ní, "Òní kì í ṣe ọjọ́ Orò. Obìnrin wà ní yàrá, àwọn ọmọbìnrin ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Ta ló fẹ́ tẹ ẹ̀rọ kí Orò máa dún? Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ó ti ṣe ju ìyàwó wa lọ."

Kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ wá mọ́. Bàbá ní ta ló gbọ́ ọ tó fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Wọ́n ní obìnrin kan ló gbé e wá, ó bẹ àwọn kí àwọn má dárúkọ òun. Bàbá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí obìnrin náà wá ṣàlàyé bí òun ṣe jókòó gbọ́ Orò, tó tún gbé e kiri ìlú bí ẹni ń kiri ẹ̀kọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí i. Wọ́n dúró títí, kò yọjú. Bàbá bá fọ́ síídì náà wẹ́wẹ́, wọ́n ní ẹjọ́ ti tán.

Ọkọ mi pè mí, ó ní, "Máa bọ̀ nílé." Igbe tí mo ké, ìyá mi rò pé ẹnì kan kú ni! Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, wọ́n bá mi wí, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní ṣé ọmọ àwọn tó wà ní Jámánì lè gbọ́ nǹkan yìí, kí n bá àwọn kí i. Halelúyà!

Ogo ni fún Ọlọ́run. Mo ti dárí jì, Pásítọ̀, lóòótọ́ ni. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ìyá wa tí mo fún ní síídì, gbogbo yín lẹ wà níbí, mo ti rí yín. Ẹ jọ̀ọ́, kí kálukú mú tiẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, kí n fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Tọwọ́ yín gan-an ni mo fẹ́ gbà o.

Ó yá, gbogbo ìjọ, ẹ dìde, ẹ bá mi jó, ẹ bá mi yọ̀! Ẹ̀yin mà, ẹ̀yin tí ẹ ń mú báàgì lẹ́yìn yẹn, ibo lẹ ń lọ? Ẹ dúró, ẹ jẹ́ ká jọ jó.