Ó Ń Dán, Ẹ Wò Ó

“Alhaji, ẹ má tíì ṣí omi yẹn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ lónìí. Bí n ò bá sọ ọ́, n ò lè fọwọ́ kan họ́ọ̀sì yìí.”

Bí Lánípẹ̀kun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú ilé tí òun ń bójú tó ní Ọ̀yẹ́. Alhaji Kàmálù tó ni ilé ló ra họ́ọ̀sì ìpaná tuntun, tó sì pè wọ́n jọ kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe máa lò ó bí iná bá sọ. Ẹnì kan wá sọ láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ má ṣe é ní Màríàm o.” Bí wọ́n ṣe ń pe kí èèyàn ba nǹkan jẹ́ nínú ilé náà nìyẹn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Màríàm fúnra rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ tó jóná pamọ́ sábẹ́ híjáàbù. Ọwọ́ yẹn ni Lánípẹ̀kun rí tó fi sọ ọ́ jáde.

“Kì í ṣe Màríàm ló ba họ́ọ̀sì àkọ́kọ́ jẹ́. Èmi ni. Uṣẹ́ tí Alhaji gbé lé mi lọ́wọ́ ò le: kí n máa tú u, kí n jẹ́ kí omi líle gba inú rẹ̀, kí n wo ibi tó bá ń jò, kí n sá a gbẹ níbòójì kí n tó ṣẹ́ ẹ po padà. N ò ṣe é rí. Ata tí mo gbìn sẹ́yìn ulé ni mo ń fi í bomi rin lọ́gbẹlẹ̀. Bó ṣe tutù rinrin ni mo ń kì í bọ inú àpótí rẹ̀, màá wá fi àkísà nu gíláàsì àpótí náà títí yóò fi máa kọ mọ̀nà.”

Alhaji rọra fèsì. “Ṣebí mo máa ń bi ọ́ pé ṣé o ti dán an wò.”

“Ẹ máa ń bi mí, Alhaji. Èmi náà á dáhùn pé, ‘Ó ń dán, ẹ wò ó.’ Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ẹnu mi dùn. Gíláàsì ló ń dán.”

Ó kọjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. “Lọ́jọ́ tí uná mú kíṣínì, tí oníkálukú ń sá, Màríàm ló fa họ́ọ̀sì, torí Ìfẹ́dayọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ibẹ̀. Omi dé ibi tó ti jẹrà lójú ìṣẹ́po, họ́ọ̀sì là. Ọwọ́ lásán ló fi fa ọmọ yẹn jáde. Èyí tó burú jù ló kù. Mo sọ fún Alhaji pé mo fojú ara mi rí i tó wọ́ họ́ọ̀sì gba orí àfọ́kù ìgò tó gé e. Urọ́ ni. Èmi ni mo fọ́ ìgò síbẹ̀ lẹ́yìn tí uná kú. Mo tún lọ kí i lọ́sibítù, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Àgbà ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ níwájú ọmọ tó lè bí.

“Ọmọ mi, forí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá ní nǹkan ń dán, ẹ bi í bóyá ó ti dán an wò.”

“Bàbá, ẹ dìde,” ni Màríàm wí. “Mo ti ń sọ fún ara mi pé bóyá ìgò wà níbẹ̀ lóòótọ́, tí mi ò rí i.” Omi lé ròrò sí i lójú. Ó gbé họ́ọ̀sì tuntun náà lé e lọ́wọ́. “Mi ò tíì lè dárí jì yín lónìí. Ẹ dán an wò, ká jọ wò ó.”

Lánípẹ̀kun tú u délẹ̀, ó jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀, ó sì sá a síbòójì.

Ní ilé náà báyìí, ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́, wọ́n á ní ó ti ṣe é ní Lánípẹ̀kun. Bí Lánípẹ̀kun fúnra rẹ̀ bá wà nítòsí, á dáhùn pé, “Èmi nìyí.”