Ọ̀rá Fífọ̀ Tí Mo Kì Sínú Gọ́tà

Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo ṣe é. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Tèmi ò tiẹ̀ tó ọdún kan, òótọ́ ti bá a láàárọ̀ yìí, ara mi sì fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Èmi tí ẹ ń pè ní Ìyá Ọlọ́ràá, tí ẹ fi ń ṣe àpẹẹrẹ ìmọ́tótó fún àwọn ọmọ yín, èmi ni mo dí gọ́tà àdúgbò wa pa. Kì í ṣe Onítáyà tó ń fẹ́ táyà fún wa, tí wọ́n di ẹ̀bi rù.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ilé-iṣẹ́ kan ń yọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, ó ń fi ṣe bẹ́ǹṣì, èmi ni mo sì ń bá wọn gbà á jọ. Mo kan ilẹ̀kùn yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ́ yín pé ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ ká a, kí ẹ ta á ní kókó. Ẹ sì ṣe é! Àgbà tí kì í fọ abọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọ̀rá bisikíìtì. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ìpápánu tí inú rẹ̀ ń dán bíi dígí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ dá a padà. Ó ní, "Màmá, èyí kì í ṣe ọ̀rá kan, ọ̀rá mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni. Ẹ̀rọ wa ò lè yọ́ ọ. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má kó o wá mọ́."

Ṣé mo sọ fún yín? Mi ò sọ. Ojú ń tì mí. Ẹni tí ẹ ń kí láàárọ̀, tí ẹ ń kí lálẹ́, báwo ló ṣe máa wá sọ pé ìdajì ohun tí ẹ ń fi omi àti ọṣẹ ṣòfò lé lórí ò wúlò? Mo ń gbà á, mo ń dúpẹ́, ó ń ga sí i nínú yàrá mi títí ilẹ̀kùn ò fi ṣí tán mọ́. Mo bá bẹ àbúrò mi tó ń ti ọmọlanke. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú sọ òótọ́ fún wọn." Mo ní kó pa ẹnu mọ́, àbí ta ni ẹ̀gbọ́n nínú àwa méjèèjì? Ọ̀sán gangan la ń kó o. Ta ni yóò fura sí obìnrin tó ń kó ọ̀rá kiri, nígbà tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni? Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Onítáyà, níbi tí wọ́n ti fi kọnkéré bo gọ́tà, la ń kì í sí. Mo ní omi yóò gbé e lọ. Lọ síbo? Mi ò bi ara mi.

Òjò dé. Omi ò rọ́nà lọ, ó ya wọ yàrá Ìyá Aránṣọ, ó ba aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́. Mo rí i lórí àtẹ̀gùn, tó ń fún omi kúrò lára aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ, tó ń sọ pé, "Kí ni mo fẹ́ wí fún wọn?" Nígbà tí wọ́n ṣí gọ́tà, Alága àdúgbò mú ọ̀rá kan, ó wò ó, ó ní, "Pàǹtí yìí mà mọ́ o! Ta ló ń fọ pàǹtí kó tó dà á nù?" Kíá ni mo fèsì pé, "Omi òjò ló fọ̀ ọ́." Ẹ gbọ́ irọ́! Ṣé omi òjò náà ló ta á ní kókó? Ẹnìkan wá ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Onítáyà kúkú ni. Gbogbo ojú yí sí i. Ó ní òun ò mọ nǹkankan. Ó mọ̀ pé mo máa ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù òun kọjá, ló bá kọjú sí mi: "Màmá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀." Mo sì sọ̀rọ̀. Mo ní, "Èmi náà ti rí i tó ń da nǹkan síbẹ̀." Ẹnu mi yìí náà ni! Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò láàárín wa.

Láàárọ̀ yìí, ó ti di ẹrù sórí ọmọlanke tán kó tó kan ilẹ̀kùn mi. Mo rò pé èébú ló gbé wá. Àpò kékeré kan ló nà sí mi. Ọ̀rá ìpápánu ló kún inú rẹ̀, ó fọ gbogbo rẹ̀, ó ta wọ́n ní kókó bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó ní, "Màmá, ẹ gbà á. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń gbà á níbi tí mò ń lọ." Mo fi igbe pe gbogbo àdúgbò jáde, mo sì tú àṣírí ara mi síta bó ṣe rí. Mo ti rò pé bí mo bá jẹ́wọ́, ilẹ̀ á lanu gbé mi mì. Ilẹ̀ ò lanu. Oorun tí mi ò rí sùn láti ìgbà òjò yẹn ló ń kùn mí.

Ìyá Aránṣọ bú mi, ó bú mi dáadáa, mo sì gbà, ó tọ́ sí mi. Èmi fúnra mi ni n ó tọ àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ, kí n sọ ẹni tó ba aṣọ wọn jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí iṣẹ́ bá ju agbára yín lọ, ẹ yáa sọ pé ó jù yín lọ. Ìtìjú ọjọ́ kan ò pa ènìyàn.

Mo kúnlẹ̀ fún Onítáyà, ọkùnrin tí mo lè bí lọ́mọ. Ó ní, "Màmá, ẹ dìde. Mi ò tíì lè sọ pé mo ti dárí jì yín. Àmọ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ táyà yìí wúwo. Ẹ bá mi di apá kan mú, ká sọ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí ọmọlanke." Mo dìde, mo sì di apá kan mú.