Sàréè Òfìfo Tó Wà Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ọkọ mi ò mọ̀. Pásítọ̀ mi ò mọ̀. Ǹ bá gbé e wọ sàréè ni, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan ń bẹ̀ mí báyìí pé kí n jẹ́ kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ òun, ọkọ náà ò sì sí níbi tó rò pé ó wà. Èmi ni mo gbé e kúrò.

Ibafo ni mo ń gbé, ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé ni mò ń tà. Nígbà tí Ọlọ́run bùkún ọjà náà, mo ní kí n ra ilé kan tí mo lè sọ di ṣọ́ọ̀bù, kí n lè máa rí rẹ́ǹtì gbà lọ́jọ́ ogbó. Mo rí ọ̀kan ní Mowe, ilé àtijọ́ tó kọjú sí títì. Alájì kan tó ti kú tipẹ́ ló kọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Kúdí, ló kù síbẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ tà á kí wọ́n lè pín ogún.

Mi ò kánjú rà á. Lọ́yà yẹ ìwé ilẹ̀ wò. Mo dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Owódé lọ béèrè bóyá ìjọba ò ní wó o bí wọ́n bá fẹ́ fẹ títì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ òjò kí n lè mọ̀ bóyá omi ń wọlé. Mo mú Tàjú, bíríkìlà mi tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, lọ wo ògiri, ó ní ó ṣì lágbára. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò béèrè ni ibi tí kòtò ilé ìgbẹ́ máa wà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Lọ́jọ́ tí a parí ọ̀rọ̀, Ìyá Kúdí mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Sàréè ọkọ wọn wà níbẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lásán. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbogbo ilé yìí ni mo gbé fún ọ. Bàbá Kúdí nìkan ni mi ò tà."

Mo kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Ìyá, mo fi Ọlọ́run búra, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn wọ́n."

Òótọ́ ni mo ń sọ lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí gbọ́.

Ìyá kó lọ sọ́dọ̀ Kúdí, ọmọ wọn obìnrin, ní Ifo. A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A wó ògiri àárín, a pààrọ̀ páànù. Iṣẹ́ ò tíì dé ìdajì tí ọkùnrin kan fi wá, ó fẹ́ gba gbogbo ilé náà lódindi, ó fẹ́ máa ṣe búrẹ́dì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ilé ìgbẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní kòtò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga, torí omi kànga náà ni wọ́n máa fi po ìyẹ̀fun.

Tàjú wọn ilẹ̀ yípo. Ó padà wá bá mi, kò wo ojú mi. "Mọ́mì, ibì kan ló kù. Ibi tí Alájì wà ni."

Mo ní kó tún un wọ̀n. Ibẹ̀ náà ló tún já sí.

Mo lè sọ fún oníbúrẹ́dì pé kò ṣeé ṣe. Àwọn aránṣọ àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe ti ń béèrè ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, wọn ò béèrè ju ilẹ̀kùn àti iná lọ. Mo lè pe Ìyá Kúdí, kí a jọ bi àwọn ààfáà léèrè. Mi ò pè wọ́n. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á kọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan la ṣe é, nígbà tí àdúgbò ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tàjú kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, Mùsùlùmí lèmi náà. Ènìyàn ló wà níbẹ̀ o, kì í ṣe gbòǹgbò igi." Mo ní bí kò bá lè ṣe é, mo máa gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó la ẹnu.

Egungun ló kù. Tàjú béèrè aṣọ funfun, mo ní kò sí. Àpò sìmẹ́ǹtì ló kó o sí. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lọ sin ín síbòmíràn, mo ní àwọn ènìyàn á rí i. Típà tó ń kó àlàpà wa ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Magboro ni wọ́n ń kó o lọ láti fi dí àbàtà kan. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi gbé àpò náà sínú típà. Ó fúyẹ́. Ó fúyẹ́ gan-an.

Tàjú gbẹ́ kòtò náà, ó parí iṣẹ́, kò sì gba iṣẹ́ mi mọ́ láti ìgbà yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ó tún ku èyí tó burú jù. Mo mú oníṣẹ́ mìíràn wá, ó mọ sàréè kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ó lẹ táìsì funfun sí i. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Mo pe Ìyá pé kí wọ́n wá wo bí a ṣe tún sàréè Bàbá ṣe. Wọ́n dúró, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n ní, "Ó dà bíi pé kò sún mọ́ fẹ́ǹsì tó báyìí tẹ́lẹ̀."

Mo ní, "Fẹ́ǹsì la sún wọlé, Ìyá."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n fọwọ́ pa táìsì náà, omijé bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Bí o ṣe tọ́jú ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run á ṣe tọ́jú tìrẹ." Mo ṣe àmín.

Ọdọọdún lẹ́yìn Ìléyá ni wọ́n ń wá. Kúdí á gbálẹ̀ ibẹ̀, Ìyá á jókòó, wọ́n á máa bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èmi á ra omi tútù fún wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kúdí pè mí. "Mọ́mì, Ìyá ò lágbára mọ́ o, orí ibùsùn ni wọ́n wà. Wọ́n ní kí n bẹ̀ yín, kí ẹ jẹ́ ká sin àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ẹ ò ní kọ̀." Ó ní òun máa mú ààfáà wá lọ́jọ́ Sátidé láti wo ilẹ̀, torí pé Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́, kí gbogbo nǹkan ti wà létò. Mo ní kò burú.

Apá kan sàréè yẹn, fẹ́ǹsì ni. Apá kejì, kòtò ilé ìgbẹ́ ni. Mo lè fi ilẹ̀ tó ṣófo ní apá orí sàréè náà hàn wọ́n, kí wọ́n sin Ìyá síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ láéláé. Ẹ jọ̀ọ́, mo rò ó bẹ́ẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sin wọ́n tì?

Mo lọ sí Magboro lánàá. Àbàtà náà ti di àdúgbò, ilé tuntun ló kún ibẹ̀. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Obìnrin kan tó ń sá aṣọ ní, "Ẹ kú ìrìn, mà. Ta lẹ ń wá?" Mo yíjú padà, mò ń sunkún lọ lójú títì.

Mo ti pinnu pé mo máa sọ fún Kúdí. Bó bá fẹ́ kó lù mí, bó bá fẹ́ kó gba ilé rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ Ìyá ni mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n fi ìrètí yẹn kú, pé ọkọ àwọn ń dúró de àwọn ní Mowe? Àbí kí n lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn kí n gbà á lọ́wọ́ wọn, nígbà tí kò sí ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọkọ tàbí aya, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bi. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà lórí ibùsùn yẹn, èwo lẹ máa fẹ́ kí n ṣe?